Ibo Ni Ká Kó Ọmọ Lọ? Potogí, Uruguay, Costa Rica àti Mauritius Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn

Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń wà lẹ́nu ìdílé tó fẹ́ ṣí kúrò níbi tó ń gbé. Ṣé agbára wa á ká ibẹ̀? Ṣé ọmọ wa á jáde láàárọ̀, kó sì wọlé láyọ̀ nírọ̀lẹ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ ká máa gbé ìgbé ayé tí a gbà gbọ́, àbí ìjọba ibẹ̀ á máa bá wa du ilé wa? Ẹni tó bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwọ̀n kan náà á rí i pé wọn kì í fẹ́ dọ́gba. Ibi tí owó ilé ti rọjú lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti pa aráàlú lẹ́nu mọ́. Ibi tí obìnrin ti lè dá rìn ní aago mọ́kànlá òru lè jẹ́ ibi tí onílé ti ń gba ìdajì owó oṣù.

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níbí. Kì í ṣe pé àwọn nìkan ló dára láyé. Mo yàn wọ́n torí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dìbò tí ẹni tó bá fìdí rẹmi sì ń lọ sílé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ọ̀nà òfin tí ìdílé tí kì í ṣe olówó ńlá lè gbà wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì borí níbì kan, ó kù díẹ̀ káàtó níbòmíràn. Ẹni tó bá rí ohun tó mú wọn yàtọ̀ síra á lè fi ojú kan náà wo ibikíbi mìíràn tó bá wà lọ́kàn rẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Èmi, ọ̀rẹ́ mi kan àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí yàrá ìdáná wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, bébà kọ̀ọ̀kan wà níwájú wọn. Mo ní kí oníkálukú kọ ohun tí kò lè gbà láyè síbẹ̀, bó ti wù kí ìlú náà dára tó, kí wọ́n má sì wo ti ara wọn. Ọkọ kọ owó orí, ó kọ ẹ̀sìn nílé ìwé, ó kọ ìwà jàgídíjàgan. Ìyàwó kọ ohun kan ṣoṣo, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: ògiri tó ń bu. Àbíkẹ́yìn wọn ní ikọ́ fée. Ó ti tó ọdún méjì tí ọkọ ti ń ka ìròyìn òṣèlú oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, kò sì sí ọjọ́ kan tó béèrè bóyá ilé ibẹ̀ máa ń tutù rinrin.

Ìbéèrè ìyàwó yẹn gan-an ló yẹ kó ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Potogí ni kò ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ògiri wọn kì í sì í dá òtútù dúró. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, inú ilé lè tutù ju ìta lọ. Montevideo, olú ìlú Uruguay, wà létí omi, ọ̀rinrin ibẹ̀ sì máa ń wọ inú aṣọ nígbà òtútù. Kò sí ìkankan nínú èyí tí ẹ máa rí nínú àtẹ ìlú tó dára jù láyé. Kí ẹ tó ṣí máàpù, kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ilé tó bá ti lè kọ̀wé kọ tirẹ̀ sílẹ̀, títí kan ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó rò pé wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ òun.

Owó: ta ni ibẹ̀ ò wọ́n fún?

Gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé "ibẹ̀ ò wọ́n." Ibi tí owó yín ti ń wá ló máa sọ bóyá òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi Potogí ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2025, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin níbẹ̀ jẹ́ 870 yúrò, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni wọ́n sì ń san án lọ́dún. Ẹni tó ń gba iye yẹn tó sì fẹ́ gba ilé oníyàrá méjì ní Lisbon, olú ìlú ibẹ̀, gbogbo owó oṣù náà kò ní tó san owó ilé. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ wá iṣẹ́, Potogí wọ́n fún yín, ohun yòówù kí àwọn tó ń gbádùn rẹ̀ máa sọ. Bí owó yín bá ń ti ìta wá, ọ̀rọ̀ yí padà. Físà tí wọ́n ń pè ní D7 wà fún ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì, owó ilé tó fi háyà tàbí èrè ìdókòòwò ń wọlé fún. Ó ń béèrè odidi owó oṣù tó kéré jù yẹn lórí ẹni àkọ́kọ́, ìdajì rẹ̀ lórí àgbàlagbà kejì, àti ìdá 30 nínú 100 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tọkọtaya tó ní ọmọ méjì: 870, ẹ fi 435 kún un, ẹ tún fi 261 kún un lẹ́ẹ̀mejì, ó di 1,827 yúrò lóṣù ní 2025. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkèèrè, físà D8 ni tirẹ̀, ìyẹn sì ń béèrè ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù náà, tó jẹ́ 3,480 yúrò ní 2025. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù tó kéré jù, iye wọ̀nyí ń gòkè tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì lè fi Lisbon, Porto àti etíkun Algarve sílẹ̀, tí ẹ wọ inú lọ sí ìlú bíi Viseu tàbí Castelo Branco, owó ilé á fúyẹ́ lọ́rùn yín dáadáa.

Uruguay ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á gbọ́ "Gúúsù Amẹ́ríkà," wọ́n á rò pé owó táṣẹ́rẹ́ á tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà lára àwọn ibi tó wọ́n jù ní gbogbo agbègbè náà; mọ́tò wọ́n, epo mọ́tò wọ́n, owó orí orí ọjà sì jẹ́ 22 nínú 100. Ohun tó fi tù mí nínú ni pé wọn kì í béèrè òbítíbitì owó kí wọ́n tó fún ìdílé ní ìwé ìgbélùú. Ẹ ó fi hàn pé owó tó lè gbọ́ bùkátà yín ń wọlé, ẹ ó mú ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá àti ìwé àyẹ̀wò ìlera wá. Inú ìlú náà lẹ ó sì wà nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́.

Ti Costa Rica rọrùn fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹnì kan nínú tọkọtaya bá ní owó ìfẹ̀yìntì tó tó 1,000 dọ́là Amẹ́ríkà lóṣù títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó lè fi mú ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì á fi hàn pé 2,500 dọ́là ń wọlé lóṣù fún ọdún méjì. Gbogbo ẹni tó bá gba ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ máa san owó sí Caja, àjọ ìlera tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1941. Bí owó tó ń wọlé fún yín bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á ṣe bù ú fún yín, nítorí náà ẹ fi í sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ewu kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Ní àárín 2022, dọ́là kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 colón, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Kí 2024 tó parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 510. Ìdílé tó ń gba dọ́là rí i pé ohun tí owó wọn lè rà ti dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi owó kún ọjà. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, orí omi ló kọ́lé sí, kó yáa ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ lọ́wọ́ tí kò ní fọwọ́ kàn.

Nípa Mauritius, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ lórí owó: erékùṣù ni, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń lò ló ń wá lórí omi, àjèjì kò sì lè ra ilẹ̀ tàbí ilé bó ti wù ú, inú ètò ilé tí ìjọba fọwọ́ sí ló sábà máa ń ti rà. Fún ìdílé tó fẹ́ gba ilé háyà tí owó wọn sì ń ti ìta wá, ó ṣeé gbé. Físà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 fún irú wọn máa ń lo ọdún kan, wọ́n sì lè tún un gbà.

Ààbò: àdúgbò ni ọmọ ń gbé

Bí a bá wo iye èèyàn tí wọ́n ń pa lọ́dún nínú 100,000, Potogí kò tó ẹyọ kan. Mauritius jẹ́ nǹkan bí mẹ́ta. Uruguay jẹ́ nǹkan bí 11. Costa Rica, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ilẹ̀ àlàáfíà, fò sókè sí nǹkan bí 17 ní 2023, ọdún tó burú jù nínú ìtàn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ó sọ pé Potogí ti borí, ẹ ó sì di ẹrù. Ẹ dúró ná. Ìpànìyàn tó ń ṣẹlẹ̀ ní Costa Rica, ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbé kokéènì kọjá ló pọ̀ jù níbẹ̀, agbègbè èbúté Limón ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Ní Uruguay, àwọn àdúgbò kan ní ẹ̀yìn Montevideo, bíi Casavalle, ni ìbọn ti ń dún lemọ́lemọ́. Ìlú kékeré létí òkun níhà ìlà-oòrùn kò mọ irú rẹ̀. Mi ò sọ èyí láti mú un kéré. Ọmọ ẹnì kan ni ọmọ Casavalle náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ńbà orílẹ̀-èdè kò lè sọ fún yín bóyá òpópónà tí ọmọ yín á máa gbà lọ sílé ìwé dára. Ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ní àsìkò tí wọ́n ń jáde. Ẹ wo ọjọ́ orí ọmọ tó ń dá rìn lọ sílé láìsí àgbà. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá ń dá lọ, tí kò sá, tí kò wẹ̀yìn, àwọn ìyá àdúgbò yẹn ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ohun mìíràn ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ọjọ́ lè pa ìdílé bí olè ṣe lè pa á. Ní June 17, 2017, iná igbó ní Pedrógão Grande ní àárín Potogí pa èèyàn 66. Ẹni 47 lára wọn kú lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, inú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ wọn wà, wọ́n ń sá lọ. Nítorí náà, ilé olówó pọ́ọ́kú tí igi eucalyptus yí ká, tí ọ̀nà kan péré wọ ibẹ̀, kò dín owó kankan kù fún yín. Costa Rica ní ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè ayọnáyèéfín. Mauritius ní ìjì líle láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin, ní January 2024 ni omi ìjì Belal sì ń gbé mọ́tò kiri ní Port Louis, olú ìlú ibẹ̀. Uruguay ló fúyẹ́ jù nínú èyí, àmọ́ ní 2023 ọ̀dá mú débi pé omi ẹ̀rọ Montevideo ń dun iyọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí àwọn òbí ń ra omi inú ike fún ọmọ ọwọ́.

Òṣèlú: ẹ má wo ẹni tó wà lórí oyè

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣìnà jù. Ìdílé á sọ pé ẹgbẹ́ tí àwọn fẹ́ràn ló ń ṣèjọba níbì kan, wọ́n á kó lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìbò á yí, wọ́n á wá rò pé ìlú ti dà wọ́n. Olórí ìjọba kì í pẹ́ tó ọmọ yín níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹ kó lọ á rí ìjọba mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó parí ilé ìwé. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ wò: òfin tó kan inú ilé yín lónìí, ọ̀nà tí òfin yẹn lè gbà yí, àti bóyá ẹ ó ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ bó bá ń yí.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Costa Rica kọ ọ́ sínú òfin ilẹ̀ rẹ̀ pé ẹ̀sìn Kátólíìkì ni ti orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fàyè gba ẹ̀sìn tó kù. Uruguay ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn ní 1919 débi pé lórí kàlẹ́ńdà ìjọba, Ọjọ́ Ìdílé ni Kérésìmesì ń jẹ́, Ọ̀sẹ̀ Ìrìn-Àjò Afẹ́ sì ni Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Nílé ìwé ìjọba ibẹ̀, gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ aṣọ funfun kan lé aṣọ wọn lórí, pẹ̀lú ọ̀já aláwọ̀ búlúù ńlá tí wọ́n ta ní kókó sọ́rùn, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ aláìgbàgbọ́, ẹ ò ní mọ ọmọ ta ni. Inú ìdílé kan á dùn sí èyí dójú ikùn. Òmíràn tó fẹ́ kí olùkọ́ gbàdúrà pẹ̀lú ọmọ òun á rò pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí oníkálukú ti lè sùn fọkàn balẹ̀ ni kò jọra. Mauritius gba ọ̀nà kẹta. Ẹlẹ́sìn Híńdù, Kristẹni àti Mùsùlùmí jọ ń gbé níbẹ̀, òfin ìdìbò wọn sì ya ìjókòó mẹ́jọ sọ́tọ̀ nílé aṣòfin kí ẹ̀yà kankan má bàa sọnù pátápátá.

Lórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, Potogí fọwọ́ sí i ní 2010, Uruguay ní 2013, Costa Rica ní 2020. Mauritius kò ní irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní 2023 ilé ẹjọ́ gíga jù ibẹ̀ fagi lé òfin àtijọ́ tó sọ ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin méjì di ọ̀ràn. Lórí oyún ṣíṣẹ́, Potogí gbà á títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, Uruguay títí dé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ní Costa Rica, kìkì bí ìyá bá wà nínú ewu. Ohun tí ẹ bá gbà gbọ́ lórí méjèèjì, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìdílé tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé dípò ilé ìwé náà gbọ́dọ̀ tètè béèrè, torí àwọn ibi kan wà tó dára lójú gbogbo ayé, bíi Jámánì, tí òfin kò ti fàyè gba ìyẹn rárá.

Wàyí o, báwo ni òfin ṣe ń yí? Costa Rica fagi lé ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ní 1948. José Figueres, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, gbé òòlù ńlá, ó fi lu ògiri bárékè Bellavista, bárékè náà sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ìgbà yẹn, kò sí ológun tó lè gbàjọba níbẹ̀, torí kò sí ológun. Ìpìlẹ̀ tó le nìyẹn. Ní Uruguay, tó jìyà ìjọba ológun láti 1973 sí 1985, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní January 2023 tí mo máa ń rántí. Ààrẹ Luis Lacalle Pou ń lọ síbi ìbúra Lula ní Bùràsíìlì, ó sì mú ààrẹ àná méjì dání, José Mujica àti Julio María Sanguinetti, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní November 2024, ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi, olùdíje wọn sì kí Yamandú Orsi tó borí kú oríire lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá òun á lè gbé níbì kan pẹ̀lú èrò tó yàtọ̀ sí ti ìjọba, irú alẹ́ yẹn ni kó wò.

Mauritius kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú ìbò November 2024, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù àwọn èèyàn jáde síta, ìjọba sì pàṣẹ kí wọ́n ti ojú òpó ìkànnì ayélujára bíi Facebook pa. Aráàlú pariwo, wọ́n ṣí i padà láàárín ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ alátakò kó gbogbo ìjókòó 60 tó wà lórí erékùṣù ńlá náà. Ìjọba gbìyànjú, kò sì rí i ṣe: àléébù ibẹ̀ hàn, agbára ibẹ̀ náà sì hàn.

Ti Potogí ló ń kọ mí lóminú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fẹ́ kí ìdílé tó ń lọ mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ Chega, tó ń tako wíwọlé àjèjì, ní ìjókòó kan ṣoṣo nínú 230 ní 2019. Ní May 2025, ó ti ní 60. Ní October ọdún yẹn, ilé aṣòfin dìbò láti sọ ọdún márùn-ún tí àjèjì ń gbé kó tó béèrè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ dá apá kan rẹ̀ padà ní December. Ẹni tó kó lọ tó ń ka ọdún márùn-ún lórí ìka rí i pé ìka ọwọ́ kan ò tó mọ́. Ìlú náà ṣì dára, àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì níwà pẹ̀lẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìwé ọmọ onílùú ni gbogbo èrò yín dúró lé, ẹ yẹ òfin tó wà lójú iṣẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ síwèé, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan kọ lọ́dún tó kọjá.

Ìgbà mìíràn wà tó máa ń yí kánkán. Jọ́jíà, tó wà ní gúúsù Rọ́ṣíà, ti ń gba ọmọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wọlé fún odidi ọdún kan láìbéèrè físà, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó lọ síbẹ̀ torí pé kò wọ́n, kò sì léwu. Nínú 2024 nìkan, wọ́n ṣòfin lórí àwọn àjọ tó ń gba owó láti òkèèrè, wọ́n ṣòfin lórí ìdílé àti ìbálòpọ̀, ìjọba kéde pé àwọn dá ìjíròrò wíwọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dúró, òpópónà Tbilisi, olú ìlú ibẹ̀, sì kún fún ìwọ́de lálaalẹ́. Ìlú ló yí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn kí ojú yín gán-án-ní nọ́ńbà, ó rèé:

| | Potogí | Uruguay | Costa Rica | Mauritius |
|---|---|---|---|---|
| Owó orí orí ọjà | 23% | 22% | 13% | 15% |
| Ìpànìyàn nínú 100,000 lọ́dún | kò tó 1 | bí 11 | bí 17 | bí 3 |
| Èdè ilé ìwé ìjọba | Potogí | Sípéènì | Sípéènì | Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Faransé |
| Ọdún kí ẹ tó béèrè láti di ọmọ onílùú | 5 tẹ́lẹ̀, ẹ yẹ òfin òní wò | 3 fún ìdílé, 5 fún àpọ́n | 7 fún ọ̀pọ̀ èèyàn | kò rọrùn, ọwọ́ ìjọba ló wà |
| Ìbò fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú | ìbò ìbílẹ̀, fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè kan | lẹ́yìn ọdún 15 | kò sí | ọmọ Commonwealth, lẹ́yìn ọdún 2 |

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Ní Costa Rica, òfin ilẹ̀ kò gbà kí àjèjì dá sí òṣèlú rárá. Ẹni tó sá kúrò nílé nítorí òṣèlú á wá di ẹni tí kò lẹ́nu níbi tó sá lọ. Àwọn kan lè fara mọ́ ìyẹn pẹ̀lú ayọ̀. Èmi ò lè fara mọ́ ọn fún ọdún méje.

Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn

Ilé ìwòsàn ìjọba Potogí wà láti 1979, ó sì ń gba àjèjì tó ní ìwé. Wàhálà rẹ̀ ni pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni kò ní dókítà ìdílé tiwọn. Caja ti Costa Rica dára, àmọ́ ẹni tó nílò iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì lè dúró títí á fi sú u. Uruguay ní àwọn ẹgbẹ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní mutualista, tí ìdílé ń san owó sí lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ ló sì gbádùn wọn. Ní ti ilé ìwé, ọmọ tó ti lé ní ọdún méjìlá ni kí ẹ rò ó fún dáadáa. Ọmọ kékeré á gbọ́ èdè kí ọdún tó yí po. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá ní èdè tí kò gbọ́, ìyà ńlá ni. Fún ìdílé tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Mauritius ṣíwájú àwọn mẹ́ta tó kù: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, ìdánwò Cambridge ni wọ́n ń ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í sì í sanwó ọkọ̀.

Bí èmi bá jẹ́ yín

Bí owó ìfẹ̀yìntì bá wà, tí àwọn ọmọ ti dàgbà, tí òṣèlú kò sì jẹ yín lọ́kàn, Costa Rica, kí ẹ jìnnà sí Limón. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ọ̀daràn ló ń lé yín kúrò nílé, tí owó yín ń ti ìta wá, Potogí, nínú ìlú kékeré, láìgbẹ́kẹ̀ lé ìwé ọmọ onílùú tí yóò yá. Bí ẹ bá ní ọmọ ọ̀dọ́langba àti ẹ̀sìn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, Mauritius. Ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, tó sì fẹ́ ibi tí aládùúgbò méjì lè dìbò fún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì jọ máa kíra wọn láàárọ̀, mo máa sọ Uruguay fún un, màá sì sọ fún un pé kó mú owó dání.

Ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ lọ wo Montevideo ní July, ìgbà tí òtútù ibẹ̀ mú jù. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí gbogbo ìlú létí òkun ló ń rẹwà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé mẹ́fà ni wọ́n wò. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ìyàwó á ní kí wọ́n bá òun sún kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kúrò lára ògiri, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri náà, á sì gbóòórùn rẹ̀. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ló ní àmì dúdú lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun níwájú. Èyí tí wọ́n gbà wà ní àjà kẹrin, ó kọjú sí àríwá, torí pé ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ìhà àríwá ni oòrùn máa ń wà. Ọkọ kò rí ilé ìwé tó fẹ́ nítòsí, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Wọn ò ta ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má tíì tà á. Ẹ fi háyà fún ọdún kan, kí ilẹ̀kùn ṣì wà tí ẹ lè gbà padà láìsí ìtìjú.

Nípa ìwé, orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú àdéhùn apostille, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gba ìwé ara wọn, nítorí náà bí ibi tí ìwé yín ti wá bá wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ kan ti tó. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ó máa gba ilé iṣẹ́ aṣojú lọ, ẹ sì fi oṣù mélòó kan kún ètò yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ìgbéyàwó, lẹ́yìn náà ẹ wá ẹni tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí láti túmọ̀ wọn. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ni kí ẹ gbà kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo yòókù bá ti wà nílẹ̀, torí òun ni ọjọ́ rẹ̀ máa ń tètè pé.